Ọmọ Tí Mo Sọ Lórúkọ Láago Mẹ́wàá

Ojú mi ló ṣe. N kò sùn, ara mi kò gbóná, ojúmọ́ ti mọ́ kedere, ọjà sì ti kún. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí n tó kúrò nílé ẹ̀kọ́, nítorí náà n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́ṣọ̀ọ́. Bó ṣe rí ni mo kọ ọ́ yìí. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó béèrè Blessing tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Òun náà rí tirẹ̀ níbẹ̀.

Rùkáyátù lorúkọ mi. Kọ́tìnì ni mo ń rán, ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí Main Market, níbí ní Onitsha. Ilé mi wà ní Trans-Nkisi. Ìlú yìí ni mo ti bí gbogbo ọmọ mi. Yúnúsà, àbígbẹ̀yìn wọn, wà ní Kánádà pẹ̀lú Zaynab ìyàwó rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni Zaynab, ṣùgbọ́n Onitsha ni wọ́n bí i sí, àárín àwọn ọmọ Igbo ló dàgbà sí. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, yóò fi Yorùbá dáhùn ọ̀kan, yóò fi Igbo dáhùn ọ̀kan, ìkẹta á di pijin. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í bínú.

Fóònù tí mò ń lò, Yúnúsà ló fi ránṣẹ́. Nígbà tó dé, aago Kánádà ló wà lára rẹ̀. Blessing fẹ́ yí i sí aago tiwa, mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wúlò fún mi. Bí mo bá fẹ́ pe ọmọ mi, mo máa ń kọ́kọ́ wo fóònù kí n mọ̀ bóyá wọ́n ti jí. Aago ara ògiri ni mo fi ń ṣe Onitsha, fóònù ni mo fi ń ṣe Kánádà. Kò dà mí láàmú rí.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó rọ́mọ bí. Nígbà tí ọmọ dé, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ tèmi, wọ́n ti ń pe ìrun àárọ̀ Jímọ̀. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

"Màámi, ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

"Jímọ̀ ni. Jímọ̀ ni wọ́n bí i."

"Níbo?"

"Níbi tí mo wà nígbà tí mo gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni?"

"Èmi ni mo bí ẹni tó bí i. Gbẹ́nu dákẹ́."

Ṣùgbọ́n mo gbà fún un. Ọjọ́ tí ilẹ̀ ibẹ̀ ń kà ni a ó lò. Àáfà wọn, Junaid, yóò pe ọmọ ní Súlìyát. Oríkì wá kù, tèmi sì nìyẹn. Nílé wa, obìnrin tó dàgbà jù ló ń fún ọmọ ní oríkì. Kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ọjọ́ á fi pé. Bó bá wá pè é, gbogbo ilé á gbà á lẹ́nu rẹ̀. A kì í sì í fún ọmọ méjì ní oríkì kan náà nínú ilé kan, wọn ì báà jẹ́ ọmọ ìyá, wọn ì báà jẹ́ ọmọ orogún. Àṣàkẹ́ ni mo fi pamọ́ sínú. Oríkì ìyá mi ni.

Yúnúsà fi ìpè náà sínú kàlẹ́ńdà fóònù mi láti ọ̀hún.

"Bí àkókò bá tó, yóò dún fún yín, Màámi. Ẹ kàn tẹ ibi tó láwọ̀ aró yẹn, ẹ ó rí wa."

Mo ṣí i wò. Mo rí i: ìsọmọlórúkọ, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo fi aago mẹ́wàá sọ́kàn, mo pa fóònù dé.

Ọyẹ́ ti mú ní Ọjọ́bọ̀ náà. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ funfun, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé àga sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo fi fóònù ti agolo tí mo ń kó bọ́tìnnì sí. Lóde, àwọn tó ń ti bárò ń pariwo kí èèyàn yà lọ́nà. Kẹ̀kẹ́ ń fun fèrè. Ẹnì kan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn eku. Aago ara ògiri lu mẹ́wàá.

Fóònù kò dún.

Mo ní ọ̀lẹ ni fóònù yìí. Mo tẹ ibi aláwọ̀ aró náà fúnra mi.

Ó ní kí n dúró kí wọ́n gbà mí wọlé. Mo dúró. Wọ́n gbà mí wọlé.

Yàrá náà kún. Àwọn obìnrin ló jókòó lórí ẹní, wọ́n fi aṣọ funfun borí, gbogbo wọn kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. N kò rí Yúnúsà. Fèrèsé ńlá kan wà lẹ́yìn wọn. Oòrùn ń gbà á wọlé, eruku sì ń fò nínú oòrùn náà gẹ́gẹ́ bíi ti ọ̀dọ̀ wa. Mo ní, àṣé ọyẹ́ ń mú ní Kánádà náà.

Nígbà náà ni mo kíyè sí i pé n kò gbọ́ ariwo ọjà mọ́. N kò gbọ́ bárò. N kò gbọ́ olóògùn eku. Mo gbójú sókè. Fáànù ń yí lórí mi, n kò gbọ́ òun náà.

"Zaynab?"

Ẹnì kan gbé ọmọ súnmọ́ ojú fóònù. N kò rí ojú ẹni náà, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Láàlì wà ní ọwọ́ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́. Ọmọ náà rẹwà. Ó lajú sílẹ̀, ó ń wò mí. Kò ṣẹ́jú.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá wa," ni ohùn kan wí. "A ti ń retí yín. Ẹ fún wa ní ohun tí ẹ mú wá."

Yorùbá náà mọ́ gaara. Bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń sọ ọ́ ní agbo ilé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni. Mo ní, Zaynab ti lọ kọ́ Yorùbá nítorí ọmọ rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní màá fi yọ ọ́ lẹ́nu tó bá yá.

Mo fẹnu súnmọ́ fóònù.

"Àṣàkẹ́."

Wọ́n gbà á. Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn náà pọ̀ ju orí tí mo rí lọ. Àwọn kan gbà á láti inú fóònù. Àwọn kan gbà á bíi pé ẹ̀yìn àwọn kọ́tìnì tí mo fi kọ́ ara ògiri ni wọ́n wà. Ọmọ náà la ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ó sì pa á dé, bí ẹni tó gbé nǹkan mì.

Fóònù kú. Ariwo ọjà padà wọlé. Mo ṣe àdúà fún ọmọ, mo bọ́ aṣọ funfun, mo wọ aṣọ iṣẹ́. Kọ́tìnì ilé ìtura kan wà lọ́rùn mi láti parí.

Nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀, tí àwọn aládùúgbò ti ń kó ọjà wọlé, fóònù dún. Kàlẹ́ńdà ni. Kí n tó dé ìdí rẹ̀, Yúnúsà ti ń pè.

"Màámi, ẹ dà? Àáfà ti jókòó."

"Àáfà wo?"

"Àáfà Junaid. Ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀yin là ń dúró dè."

"Mo ti ṣe tèmi láàárọ̀. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

Mo ń gbọ́ àwọn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àárọ̀ wo, Màámi?"

"Aago mẹ́wàá tí o kọ."

"Aago mẹ́wàá ọ̀hún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù lọ́dọ̀ wa yìí. Nígbà tó lù lọ́dọ̀ yín, òru ni níbí. A sùn. Gbogbo wa la sùn."

"Ta ló wá gbà mí wọlé?"

Zaynab já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mama," ó ní, "which pikin you name?"

Mo ní kí wọ́n dúró. Mo gbé fóònù lọ bá Blessing. Igbo la jọ máa ń sọ, Yorùbá ni màá fi kọ ọ́. Ó ń mu ọsàn. Ó nu ọwọ́, ó wo fóònù, ó rẹ́rìn-ín.

"Mama Yúnúsà, fóònù yín kò ṣẹ̀. Aago Kánádà lẹ fi sí i, aago Onitsha lẹ wá ń fi kà á. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ lé mi."

"Mo gbọ́. Tún un ṣe."

Ó wọ ibi tí wọ́n ti ń yan aago ìlú. Orúkọ àwọn ìlú tò lọ rẹrẹ. Ó yan Lagos.

"Onitsha ń kọ́?"

"Onitsha kò sí níbẹ̀."

"Pẹ̀lú gbogbo ọjà yìí?"

"Wọn ò kà wá sí, Mama. Lagos ló ń jẹ́ fún gbogbo wa."

Ó tẹ̀ ẹ́. Lójú mi, mẹ́wàá tó wà níwájú ìsọmọlórúkọ di márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Mo nawọ́ kí n gba fóònù mi. Blessing kò fún mi. Ó ti dẹ́kun ẹ̀rín.

"Méjì ni."

"Méjì kí ni?"

"Ìsọmọlórúkọ. Méjì ló wà níbí. Èyí tí Yúnúsà fi ránṣẹ́ ti sún sí márùn-ún. Ìkejì kò sún. Mẹ́wàá ló wà síbẹ̀."

"Ta ló fi ìyẹn ránṣẹ́?"

"Kò sórúkọ." Ó yí aago padà sí ti Kánádà kó lè wò ó. Ti Yúnúsà sún padà. Ìkejì kò mira. Ó tún yí i sí Lagos. Kò mira. "Ohun tó bá wọ inú kàlẹ́ńdà yìí máa ń mú aago ìlú tó ti wá dání. Eléyìí kò ní ìlú kankan."

Ó gbé fóònù náà sórí tábìlì. Kò fi í lé mi lọ́wọ́.

Mo gbé e. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo tẹ ti Yúnúsà. Wọ́n gbà mí wọlé. Yàrá ọmọ mi nìyẹn, mo mọ àga rẹ̀, mo mọ àwòrán ọkọ mi tó gbé kọ́. Yìnyín funfun ló kún ojú fèrèsé wọn. Kò sí eruku níbì kankan. Zaynab gbé ọmọ dání, ọmọ ń sùn. Kò sí láàlì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, Màámi," ni Yúnúsà wí, "ká lè jẹun. Àlá lẹ lá."

"N kò sùn. A kì í sì í fún ọmọ méjì ní oríkì kan."

"Mama, biko," Zaynab fi Igbo bẹ̀ mí. "Ọmọ kan ni. Ọmọ kan ni mo bí o."

Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá kọ̀ láti pè é, mo ti gbà pé ọmọ méjì ló wà. Àáfà ń wò mí. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo pè é.

"Àṣàkẹ́."

Ọmọ kan sunkún.

Ẹkún kúkúrú ni, ẹkún ọmọ tí wọ́n jí. Mo wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ Zaynab. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Ó ń sùn. Mo ní ọmọ àlejò wọn kan ló wà nítòsí. Mo fẹ́ béèrè.

Yúnúsà ló kọ́kọ́ béèrè.

"Màámi, ọmọ ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

Mo wo ẹ̀yìn mi. Kọ́tìnì ló wà níbẹ̀.

"Kò sọ́mọ níbí."

"Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti gbọ́ ọ."

"Ọ̀dọ̀ yín lèmi ti gbọ́ ọ."

Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ni mo sọ ọ́. Ẹ gbà á." Wọ́n gbà á. Iye ohùn wọn bá iye orí wọn mu, mo fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ọmọ Zaynab lajú, ó ṣẹ́jú, ó sunkún tirẹ̀. Ẹkún náà yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Àáfà gbàdúrà. Wọ́n jẹun.

Yúnúsà kò fẹ́ ká sọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó ní ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ lè gbé ohùn láti ibòmíràn. Mo gbà fún un. Mo ní iṣẹ́ púpọ̀.

Àmọ́ Zaynab ń pè mí nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́. Ní àkọ́kọ́, ó ní ọmọ ń jí lóru, kì í sunkún, ó kàn máa ń wo ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo ní ọmọ titun ni, kì í tíì ríran dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní ọmọ kò sanra. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wọn wò gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó tún gbé e gun. Ó ní ṣé ó ń mu ọyàn? Zaynab ní ó ń mu. Nọ́ọ̀sì ní kò hàn lára rẹ̀. Ó ní bí kò bá yí padà, wọn yóò gbà á sílé ìwòsàn.

"Jẹ ọbẹ̀ dáadáa," mo ní. "Mu ògì."

"Mama, kì í ṣe oúnjẹ." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọyàn mi méjèèjì máa ń kún bí mo bá sùn. Bí mo bá jí, ọ̀kan á ti gbẹ. Ọmọ kò tíì mu ún o. Ó wà nínú bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Ọ̀kan á ti gbẹ, ẹnu ọyàn náà á tutù."

"Lóru wo?"

"Bí aago mẹ́ta."

Mo wo aago ara ògiri. Mo ṣírò rẹ̀. Mẹ́ta òru wọn ni mẹ́wàá àárọ̀ wa.

"Mama, gba orúkọ yẹn padà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní kó dákẹ́, kó lọ gbé ọmọ. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba oríkì padà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ogójì ọjọ́ ọmọ ti ń súnmọ́, fóònù dún lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kàlẹ́ńdà ni. N kò fọwọ́ kàn án. Mo pe Blessing, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ka ohun tó wí fún mi."

Ó kà á láti ibi tó dúró sí, mo gbé e sókè fún un. "Àṣàkẹ́. Ogójì ọjọ́. Ọ̀la, aago mẹ́wàá àárọ̀."

"Aago ìlú wo?"

Ó wò ó pẹ́. "Eléyìí ní ìlú, Mama. Onitsha ni wọ́n kọ."

"O ní Onitsha kò sí níbẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀."

"Ibo ni wọ́n ní a ó ti ṣe é?"

"Ọ̀dọ̀ ìyá wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́." "Wọ́n ń béèrè bóyá ẹ ó wà níbẹ̀. Ẹ tẹ rárá, Mama Yúnúsà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tẹ rárá, kí n pa á rẹ́."

Mo jókòó, mo rò ó bí èèyàn ṣe ń ro aṣọ kó tó fi àlùmọ́gàjí kàn án. Èmi ni mo fún un ní oríkì. Ẹni tí a bá fún ní oríkì ti di ọmọ ilé. Bí ọmọ bá dé tí n kò gbà á, yóò lọ síbi tí ọmú wà. Ọ̀dọ̀ Zaynab ni ọmú wà. Àbẹ̀kẹ́ ni yóò máa rù, ìyá rẹ̀ ni yóò máa sunkún. Bó bá dé ọ̀dọ̀ tèmi, kí ni yóò rí gbà lọ́wọ́ arúgbó?

Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Blessing kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, kí aago mẹ́wàá tó lù, mo ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù gbayawu, mo jókòó. Ariwo ọjà lọ. Fáànù ń yí láìdún. N kò rí nǹkan kan, kọ́tìnì kankan kò mira. Mo ní, "Wọlé, Àṣàkẹ́. Jókòó ti ìyá rẹ. Má padà síbẹ̀ mọ́." N kò pariwo. Bí a ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Nígbà tó yá, olóògùn eku tún bẹ̀rẹ̀ sí í polówó.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Zaynab pè. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi Igbo dúpẹ́, ó ń fi pijin dúpẹ́. Ọyàn méjèèjì ló ń kún bó bá jí. Àbẹ̀kẹ́ ń mu, ó ń yó, ó ń sùn di àárọ̀. Nọ́ọ̀sì ti gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó ní ó dára.

"Mama, kí lẹ ṣe?"

"N kò ṣe nǹkan kan. Máa fún un lọ́yàn."

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí di òní. Ọmọ ti ń jókòó, ó ti ń pariwo sí fóònù bó bá rí mi. Ara mi le. Mo ń ránṣọ. Nǹkan oṣù mi ti dúró kí Yúnúsà tó gba ìwé mẹ́wàá, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé mo ti darúgbó. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́wàá bá ti ń súnmọ́ láàárọ̀, ọmú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ariwo ọjà á lọ díẹ̀. Bó bá padà, tí mo wolẹ̀, iwájú bùláòsì mi á ti rin, apá kan ṣoṣo, apá òsì. Apá kejì á wà ní gbígbẹ.

Mo máa ń mú bùláòsì mìíràn dání láti ilé báyìí. Mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, màá sì padà sídìí ẹ̀rọ.